Ọjọ́ Tí Mo Mú Aláàwẹ̀ Méjì Lọ Wo Òdòdó

Ẹ̀bi ọ̀rọ̀ kékeré kan ni gbogbo rẹ̀, mo sì gbà pé ẹnu mi ló ti jáde. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo sọ fún ìyàwó mi pé tó bá di Sátidé, orí òkè ni mò ń lọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ká ní mo sọ pé mo fẹ́ lọ gun òkè ni, tàbí pé mò ń wọ igbó lẹ́yìn Ọ̀fàdà bí mo ṣe máa ń ṣe, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Mowe níbi tí à ń gbé nígbà náà, lásìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa tí a kò lówó púpọ̀, ẹni tó bá ní òun ń lọ sórí òkè, àdúrà ló ń lọ gbà. Kò sẹ́ni tó ń bi í ní ìbéèrè kejì. Ìyàwó mi náà kò bi mí.

Fíríìjì títúnṣe ni mo fi ń jẹun. Òdòdó igbó ni mo fi ń gbádùn ayé mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìwé àlòkù kan tí iwájú rẹ̀ ti ya ni mo rà, tí wọ́n kọ nípa ewéko ilẹ̀ wa, mo sì kà á títí ojú ìwé rẹ̀ fi ń já bọ́. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tèmi. Sátidé tí iṣẹ́ kò bá pọ̀, màá gbé ìwé kékeré mi, pẹ́ńsù, rúlà àti kámẹ́rà onífíìmù, màá sì máa ka ìgbésẹ̀ mi bí mo ṣe ń rìn. Mo ti wọn ìgbésẹ̀ mi kan: ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀ ni lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹsẹ̀ bàtà méjì péré lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Òkè tí mò ń sọ yìí kò lórúkọ. Láti ibi tí ọ̀kadà ti máa já ènìyàn sílẹ̀ lẹ́yìn Ọ̀fàdà, ẹgbàárùn-ún ìgbésẹ̀ ni, oko ló kọ́kọ́ máa ń jẹ́, lẹ́yìn náà igbó kìjikìji, odò kan, koríko tó ga ju ènìyàn lọ, kí a tó dé ìdí òkè. Mítà mọ́kànlélọ́gọ́ta ni gíga rẹ̀ láti ìdí dé orí. Rọ́bà olómi tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá dọ́gba ni mo fi wọ̀n ọ́n, ó sì gbà mí ní Sátidé mẹ́ta. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí pápá bọ́ọ̀lù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré, òdòdó kékeré kan máa ń bo gbogbo ibẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tí a pò mọ́ omi, ewé òdòdó mẹ́ta, okùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ mẹ́fà láàárín. Á là ní ìdájí. Bó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán, á bẹ̀rẹ̀ sí í ká ara rẹ̀ jọ, nígbà tó bá fi máa di aago kan, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọdún tó ṣáájú, aago kan kọjá kí n tó débẹ̀. Mo ti búra pé ti ọdún yìí kò ní bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn kan náà, ìyàwó mi ti ibi tó ti lọ tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago dé, ó ní, "Àǹtí ní àwọn fẹ́ bá yín lọ sórí òkè."

Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun tán. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n tẹ̀lé mi. Àwọn ará àdúgbò rò pé ilẹ̀ ni mò ń wá kiri láti rà. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tíṣà ni ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ibafo, obìnrin tó fẹ́ràn ìwé, mo sì rò ó pé ó yẹ kí n ti mọ̀ pé òun ló máa lóye. Mo ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ìyàwó mi: kí ó wọ ṣòkòtò, ẹ̀wù alápá gígùn, ìbọ̀sẹ̀, àti bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀. Ìyàwó mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á jíṣẹ́. Kò jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun rò pé mò ń ṣàwàdà ni, nítorí obìnrin kì í wọ ṣòkòtò ní ìjọ wọn.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a pàdé ní ìdí ọ̀nà Ọ̀fàdà. Àǹtí wọ gáùn funfun tó ń wọ́ nílẹ̀, ó wé gèlè funfun, ó wọ sálúbàtà. Ó di ẹní kan sábẹ́ apá. Kò sì dá wá. Bàbá àgbàlagbà kan láti ìjọ wọn tẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń gbé ní Ifọ tí ó sì ti wá sùn sí Ibafo nítorí ìrìn àjò yìí. Alàgbà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó gbé Bíbélì ńlá dání àti kẹ́ẹ̀gì méjì tí kò sí nǹkan kan nínú wọn. Mo rò ó pé ó fẹ́ bu yẹ̀pẹ̀ ni. Èmi náà máa ń bu yẹ̀pẹ̀. Mo tilẹ̀ gbóríyìn fún un nínú ọkàn mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo sì fi búrẹ́dì àti àkàrà lọ̀ wọ́n. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní kí n máa jẹ. Mo rò pé wọ́n ti jẹun nílé ni.

Mi ò fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí nínú igbó yẹn tán. Ibi tí èmi nìkan ń gbà kọjá ní wákàtí kan, wákàtí méjì ó lé ni ó gbà wá. Gbogbo ẹ̀ẹ̀mọ́ ló ń lẹ̀ mọ́ gáùn Àǹtí, gbogbo ìgbà ló sì ń dúró láti yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi igi arère hàn wọ́n, mo fi tètèrẹ̀gún hàn wọ́n, òun náà ti yọ òdòdó, mo ṣàlàyé bí ewé rẹ̀ ṣe ń yí po lára igi rẹ̀ bí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Alàgbà ní "Ògo ni fún Ọlọ́run," ó sì dá orin mìíràn. Orin ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí mi ò fi gbọ́ ìró ẹyẹ kan ṣoṣo. Níbi tí mo ti ní kí wọ́n yára kọjá nítorí ìjàlọ wà lójú ọ̀nà, ibẹ̀ gan-an ni Àǹtí dúró sí láti tún gèlè rẹ̀ wé. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ni a fi ṣa ìjàlọ lára gáùn yẹn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó ń tù mí nínú ni pé léraléra ni wọ́n ń bi mí pé aago mélòó ló lù, ṣé a ó débẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Mo sọ fún ara mi pé, ṣé ẹ rí i, wọ́n mọyì òdòdó yìí bí mo ṣe mọyì rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ìyàwó mi ti ṣàlàyé fún wọn.

Ẹ̀gbẹ́ odò ni ọ̀rọ̀ ti tú. A jókòó sórí igi tó wó dábùú rẹ̀, Alàgbà ń fi ìwé tó ṣẹ́ po fẹ́ ara, ó sì bi mí pé, "Bàbá wo ló wà lórí òkè yìí?"

Mo ní, "Bàbá wo, sà?"

"Wòlíì tó ni òkè. Ẹni tó ń bójú tó o."

Mo ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó bi mí níbo ni àwọn tó bá wá ń sùn sí, níbo ni wọ́n ti ń gba omi àdúrà tí òun gbé kẹ́ẹ̀gì wá bù. Mo ní kò sẹ́ni tó ń wá, àfi èmi. Àǹtí gbójú sókè. Èmi àti òun, ẹ la máa ń pe ara wa, nítorí àna ni wá, ó sì jù mí lọ.

"Àna mi," ó ní, "kí la wá ṣe níbí?"

"A wá wo òdòdó, Àǹtí."

Ó ní, "Ta ló ń lọ sórí òkè torí òdòdó?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó gbé e jáde nílé. Ọjọ́ keje ààwẹ̀ rẹ̀ rèé. Ọdún kẹjọ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé aládàáni yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti ṣe ìdánwò kí ìjọba lè gbà á síṣẹ́ tíṣà, ẹ̀ẹ̀mejì ni orúkọ rẹ̀ kò jáde. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa lẹ orúkọ ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Pásítọ̀ wọn ti ní kí ó parí ààwẹ̀ náà lórí òkè, ní aago méjìlá ọ̀sán, kí omi má sì kan ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ keje títí tó fi máa gba àdúrà tán. Alàgbà ń bá a gba ti ọjọ́ ìkẹyìn ni. Tí aago méjìlá bá bá a ní ìsàlẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà tó ti kọjá di asán nìyẹn, lójú tirẹ̀.

Mo bínú. Mi ò ní parọ́. Mo bínú sí ìyàwó mi, mo bínú sí àwọn tó gba ọ̀rọ̀ "orí òkè" lẹ́nu wa, tí ènìyàn kò fi lè gun òkè lásán mọ́. Àǹtí náà ń bínú. Ó ní kí n mú àwọn lọ sí òkè gidi kíá. Mo wo aago, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Òkè àdúrà tó sún mọ́ wa jù tí mo mọ̀, òdìkejì ọ̀nà márosẹ̀ ló wà, a ò lè débẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo ṣírò rẹ̀ sínú ìwé, mo fi hàn wọ́n. Kò wo ìwé náà.

"Ṣé òkè ni àbí kì í ṣe òkè?" ó bi mí.

Mo ní òkè ni.

"Ó ga?"

Mo sọ iye mítà rẹ̀. Alàgbà ní ibi tí Jésù ti ń gbàdúrà kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí dìde, ó ká gáùn rẹ̀ sókè, a sì ń lọ.

Nínú koríko, mo fi wèrèpè hàn wọ́n, èso rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ pẹ̀lú irun pupa lára, mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án rárá. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Alàgbà dì í mú láti fi fa ara rẹ̀ gòkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara, ó sì ń bá ẹ̀mí kan wí. Mo ní kì í ṣe ẹ̀mí, irun ara èso ni, ó tín-ín-rín ju irun orí ènìyàn lọ, kí ó má fọ́n ọn ká, kí ó jẹ́ kí n fi ẹrẹ̀ kùn ún. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí òun bá a wí tán. Ó bá a wí tán, ara ṣì ń yún un, ló bá na ọwọ́ sí mi, mo fi ẹrẹ̀ kùn ún dé ìgúnpá.

Ní ìdí òkè, Alàgbà bọ́ bàtà. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ilẹ̀ mímọ́ ni. Mo ní kò tíì sẹ́ni tó gbàdúrà kankan níbẹ̀ rí, yangí ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè, oòrùn sì ti sè é. Àǹtí ti bọ́ tirẹ̀. Èmi nìkan ni mo wọ bàtà gun òkè yẹn, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó dé fìlà wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù, a ti gun ìdajì, nígbà tí Àǹtí jókòó lójijì. Mo rò pé ẹ̀gún ni. Ìgbà tí mo wo ojú rẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun, ara rẹ̀ kò sì làágùn mọ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn mú. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo ti kà nípa rẹ̀. Mo yọ ike omi, mo ní kí ó mu ún, kódà kó jẹ́ ẹnu ìdérí kan. Ó pa ẹnu dé. Mo gbé ike náà sún mọ́ ọn.

Ó wò mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ àbúrò rẹ̀, ó pè mí ní ìwọ. "Tí o bá fi omi yẹn kàn mí lẹ́nu, mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọn ó fi sin mí."

Mo ní ìsìnkú yẹn ò ní jìnnà nígbà náà, tí kò bá mu omi. Ó ní kí n gbé e sọ̀kalẹ̀ tó bá kú, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ gbé e dé òkè. Mo bẹ Alàgbà pé kí ó bá mi bá a sọ̀rọ̀. Alàgbà ń họ ọwọ́. Mo wá bi í pé, tí omi bá kan ara ńkọ́, ṣé ààwẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

"Wọn ò ní ká má wẹ̀," ó ní.

Mo tú gèlè kúrò lórí rẹ̀ láì gba àṣẹ, mo da omi sí i lórí, sí ọrùn, sí ọwọ́, mo rẹ gèlè náà mo sì fi wé ọrùn rẹ̀. Ike kan àti ààbọ̀ ló lọ. Ààbọ̀ ike ló kù fún gbogbo wa, mo sì fi í pa mọ́. Alàgbà fi Bíbélì ṣíji bò ó lórí. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí a máa lọ. Mo fún un ní èjìká mi, Alàgbà ń tì í lẹ́yìn, mo ń ka ìgbésẹ̀ sókè kí ó lè mọ iye tó kù. Òjìlénígba ni ó kù. Tó bá ti di ogún ogún, ó máa ń ní, "Ó ku mélòó?"

Ó ku ìṣẹ́jú méje nígbà tí a yọ sórí òkè, ibẹ̀ sì kún fún òdòdó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Mi ò rí i rí kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo na ọwọ́ sí kámẹ́rà. Alàgbà ní, "Ẹ jẹ́ ká di ọwọ́ mú." Ó di ọwọ́ òsì mi mú pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti wèrèpè rẹ̀, Àǹtí di ọ̀tún mú. Mo bi wọ́n pé yóò pẹ́ tó báwo. Alàgbà ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Wọ́n gbàdúrà fún tíṣà, fún ìjọba, fún ẹni tó máa tẹ orúkọ, fún ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́, fún gọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fi lẹ̀ ẹ́. Mo la ojú kan. Àwọn òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi ti ń ká, èyí tó wà ní ibòji ló kẹ́yìn. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú ọwọ́ ẹlòmíràn, mo sì ń ṣe àmín. Bí Àǹtí ṣe di ọwọ́ mi mú pinpin kò jẹ́ kí n lè já a gbà. Nígbà tí wọ́n parí, mo fún un ní ààbọ̀ ike omi tó kù. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe ní kí ó mu ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ya fọ́tò ẹyọ kan. Koríko tútù ló jáde nínú rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ Ajé náà, ó tẹ ìyàwó mi láago kí ó tó tẹ ọkọ tirẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi náà fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́rìí níwájú ìjọ, ó ní òkè kan wà tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi. Ọ̀nà ibo la gbà? Igi wo la máa rí ká tó yà? Ǹ bá ti sọ pé mo ti gbàgbé. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ya àwòrán ọ̀nà náà fún wọn, pẹ̀lú iye ìgbésẹ̀ láti oríta kan sí èkejì, nítorí mi ò lè fún ènìyàn ní èyí tí kò péye. Wọ́n lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní Ibafo.

Nígbà tí oṣù kọkànlá tún yí po, ọ̀nà igbó ti fẹ̀ tó kí ọ̀kadà gbà á. Wọ́n ti ro orí òkè náà mọ́ nigínnigín, wọ́n ti kan páànù bo apá kan. Mo gba Ibafo lọ tààrà, mo bá Àǹtí nídìí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń máàkì, mo sì sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Ó dùn ún gan-an. Ó ní òun ò mọ̀. Ó bi mí pé báwo ni ibi tí òdòdó náà nílò ṣe tóbi tó, mo ní ogún ẹsẹ̀ bàtà níbùú, ọgbọ̀n lóòró, ní apá ìlà oòrùn tí wọn kò tíì ro dé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun á bá Alàgbà sọ ọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó ránṣẹ́ pè mí kí n wá wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi gun òkè. Ogún ẹsẹ̀ bàtà ni níbùú lóòótọ́, ọgbọ̀n lóòró. Mo wọ̀n ọ́n. Wọ́n ti fi okùn yí i ká. Táyà ọkọ̀ méjìlá wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ẹfun kùn, tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ dúdú sí, òdòdó pupa àti òdòdó yẹ́lò tí wọ́n rà lẹ́bàá títì sì wà nínú wọn. Láàárín àwọn táyà náà, ilẹ̀ pupa lásán ni.

Mo bi í níbo ni àwọn kéékèèké tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà.

"A ti bá yín tu ìyẹn," ó ní. "Wọn ò bá fún èyí pa."

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání, ó ti pọn ọ́n láti odò wá sórí òkè fúnra rẹ̀, ó sì ń wo ojú mi bóyá inú mi dùn. Mo ní ẹ ṣeun, Àǹtí. Ó bi mí bóyá kí àwọn máa bu omi sí i lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo ní lẹ́ẹ̀kan ti tó, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú.